Iṣẹ́ Ṣíṣe fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Òyìnbó: Àròbá àti Òfin

Ní àdúgbò Palmgrove, nítòsí Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. CMS Grammar School ti wà ní Bàrígà láti 1959. Yunifásítì Èkó sì wà ní Akọ́kà nítòsí ibẹ̀. Ìdílé tí ó ní ọmọ tàbí ìbátan tí ó ti kàwé lókè òkun kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ fún un: ‘Ìwọ ṣá ti débẹ̀ ná. Bí o bá débẹ̀, wàá máa ṣiṣẹ́, wàá sì máa fi owó rẹ̀ kàwé.’ Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn òbí mìíràn a ta ilẹ̀, wọn a san owó ilé-ẹ̀kọ́ apá kan, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ọmọ yóò rí níbẹ̀.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àròbá. Àròbá ni baba ìtàn. Ìbéèrè wa lónìí ni pé, ibo ni àròbá yìí ti ṣẹ̀ wá, ṣé ó sì tún bá òfin òde òní mu?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Owó kò tó o ná. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá kí ó lè rí owó díẹ̀ fi gbọ́ bùkátà. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀. Ní 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé. Ẹ kíyè sí i pé àwọ̀ ara ni ó kọ́kọ́ di ìdènà fún àwọn wọ̀nyí, kí òfin ìwé àṣẹ tó di ìdènà fún àwọn ọmọ wọn.

Ní Amẹ́ríkà náà, Ọ̀mọ̀wé Nnamdi Azikiwe, tí ó dé ibẹ̀ ní 1925, fọ abọ́, ó sì wa èédú, kí ó tó rí ẹ̀kọ́ kọ́. Kwame Nkrumah tẹ̀ lé e ní 1935. Òun náà ta ẹja ní Harlem, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Chester. Àwọn méjèèjì padà wálé, wọ́n di olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì kọ ìtàn ara wọn sínú ìwé. Ta ni yóò ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà pé iṣẹ́ ni ọ̀nà ìwé?

Àkókò tí àròbá yìí fìdí múlẹ̀ jù lọ láàrin àwa Yorùbá ni láti 1948 sí 1962. Ní àkókò yìí, ọmọ Nàìjíríà tí ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ìwé àṣẹ kankan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ní ilé-iṣẹ́ reluwé ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tí ó ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí ní iye tí wọ́n rà á. Nítorí pé tọkọtaya ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún ń kàwé, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó tọ́ ní Kent àti Sussex. Wọ́n a máa kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò gbọ́ èdè àwọn òbí wọn mọ́. Apá ìtàn yìí ni àwọn àgbà kì í sábà sọ.

Láti 1962 ni ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó wà nínú àjọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kò. Òfin ti 1971, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973, tún mú un le sí i: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí òfin ń fún bẹ́ẹ̀, àìní owó ń pọ̀ sí i. Ní 1967, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Láti 1980, wọ́n ní kí àwọn tí ó ń bọ̀ máa san gbogbo iye tí ẹ̀kọ́ wọn ń náni. Nígbà tí ó di 1986, tí ìjọba wa gbé ọjà pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè kalẹ̀, náírà já wálẹ̀. Bàyìí ni iṣẹ́ di kòṣeémánìí ní àkókò gan-an tí àṣẹ rẹ̀ wọ́n.

Láti ìgbà náà, òfin ń ṣí, ó sì ń tì. Ní 1999, wọ́n mú ìyọ̀ǹda tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ gbà lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò, wọ́n sì fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ṣe gbèdéke. Ní 2012, wọ́n pa àǹfààní iṣẹ́ ṣíṣe lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ́. Ní 2021, wọ́n dá a padà lábẹ́ orúkọ Graduate Route, ọdún méjì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mẹ́ta fún ẹni tí ó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní 2025, ìjọba tún kéde pé àwọn yóò gé ọdún méjì náà sí oṣù 18.

Báwo ni nǹkan ṣe wà nísinsìnyí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ oyè lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Kò gbọdọ̀ dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí a tó fún un ní físà pàápàá, ó ní láti fi hàn pé owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀. Owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe kò sí nínú ìṣirò náà. Ní Amẹ́ríkà, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ ní sáà ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìta gba àṣẹ ọ̀tọ̀, àṣẹ náà kò sì wọ́pọ̀ ní ọdún kìíní. Èyí tí ó lókìkí jù ni OPT, tí ó jẹ́ oṣù 12 nínú iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ ẹni mu. Ẹni tí ó bá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò lè fi oṣù 24 kún un. Ẹni tí ó bá ṣe ju bí a ti yọ̀ǹda lọ, físà rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Nítorí náà, àwọn àgbà wa kò parọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi ṣe é ti kú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti bi ẹni tí ó bá ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé, ọdún wo ni o lọ? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka òfin ọdún tí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ, kí ẹ sì ṣírò owó yín bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ rárá. Iṣẹ́ tí ẹ bá wá rí, ẹ fi ṣe ẹ̀kún owó. Ẹ má ṣe fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí àròbá nìkan lè pàdánù ilẹ̀, kí ó sì tún pàdánù ìwé.

Ibi tí mo fẹ́ bá ọ̀rọ̀ dé nìyí.