Gbólóhùn Òpómúléró Àròkọ: Ẹ̀kọ́ láti inú Iṣẹ́ Sodipo àti Hallen

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó inú ìwé ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a kọ ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìbéèrè kan. A to orúkọ ọba, a to ọdún, a to orúkọ ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí olùyẹ̀wò ìdánwò bá kà á tán, kò ní rí ohun kan pàtó tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ. Ilé tí irú wọn kọ́ kò ní òpó. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ èrò tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí gbogbo ìpínrọ̀ yòókù sì fi ẹ̀yìn tì, ni a lè pè ní gbólóhùn òpómúléró. Bí ó bá wà, ilé dúró. Bí kò bá sí, igi àti koríko tí a kó jọ lásán ni.

Ọ̀nà tí ó dára láti mọ bí òpó yìí ti ń ṣiṣẹ́ ni pé kí á wo iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n rì mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan ìlú Àgọ́-Ìwòyè. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1982, nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ jẹ́ Gómìnà, ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọdún 2001 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà, tí a sì fi orúkọ Ọnàbánjọ fúnra rẹ̀ pè é. Gíwá àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìrònú ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní Ifẹ̀ ni òun àti Barry Hallen, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti jọ ṣe ìwádìí kan. Ní ọdún 1986, nígbà tí Sodipo ṣì wà ní ipò gíwá, ni ìwé wọn, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí iṣẹ́ wọn tó yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èrò tí wọ́n bá nílẹ̀. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń kọ ọ́ pé ohun tí àwọn baba ńlá bá ti sọ ni ọmọ Áfíríkà ń gbà, pé kì í béèrè ẹ̀rí, kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ wò. Àwọn tí ó ń túmọ̀ èdè pẹ̀lú ti mú ‘know’ ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ‘mọ̀’ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n mú ‘believe’, wọ́n fi ‘gbàgbọ́’ rọ́pò rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi owó kan ṣẹ́ òmíràn. Ní ọdún 1960, W. V. O. Quine, onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jiyàn pé ìtumọ̀ méjì lè bá gbogbo ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí ojú rí mu, síbẹ̀ kí àwọn méjèèjì má bára wọn mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni Sodipo àti Hallen gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti fi yẹ èdè wò.

A lè kó àlàyé wọn lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí jọ sínú gbólóhùn kan: ‘mọ̀’ àti ‘gbàgbọ́’ kì í ṣe ọgbọọgba ‘know’ àti ‘believe’, nítorí pé ohun tí Yorùbá ń béèrè kí ó tó pe nǹkan ní ìmọ̀ le ju ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ. Gbólóhùn yìí ni òpómúléró.

Kí ni wọ́n fi gbé e dúró? Wọ́n tọ àwọn oníṣègùn lọ, wọ́n sì fara balẹ̀ bá wọn jíròrò nípa bí wọ́n ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ohun tí ó jáde ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹnu baba rẹ̀, ìgbàgbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀: a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Bí a bá lè dán ohun tí a gbà gbọ́ wò, tí a sì fi ojú ara wa rí i, ó di ìmọ̀. Bí kò bá ṣe é dán wò, àlàyé àti àròjinlẹ̀ ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe lásán ni Yorùbá fi ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ wá fi èyí wé ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò dé ìlú kan rí, tí ó kà nípa rẹ̀ nínú ìwé, yóò sọ láìṣiyèméjì pé òun ‘know’ pé ìlú náà wà. Púpọ̀ nínú ohun tí ilé ìwé ń kọ́ni ni èdè náà ń pè ní ìmọ̀ lọ́nà yìí. Lójú àwọn oníṣègùn, ìgbàgbọ́ ni gbogbo wọn. Ibi tí àríyànjiyàn náà já sí nìyí: àwọn tí a fẹ̀sùn kàn pé wọn kì í béèrè ẹ̀rí ni òṣùwọ̀n ẹ̀rí wọn le jù. Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ọ̀rọ̀ gírámà lásán ti di ọ̀rọ̀ iyì odidi ènìyàn kan.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí gbólóhùn náà lágbára. Èkíní, ó ṣeé jiyàn. Ẹnìkan lè dìde kí ó sọ pé Yorùbá a máa wí lójoojúmọ́ pé ‘mo mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù wà’, bẹ́ẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Ìbéèrè gidi ni èyí, òǹkọ̀wé sì gbọ́dọ̀ wá èsì sí i. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ‘Yorùbá ní àṣà tirẹ̀’, ta ni yóò bá a jiyàn? Ohun tí kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀ kò nílò àròkọ. Èkejì, ó mọ níwọ̀n. Wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ ṣàlàyé gbogbo èrò Yorùbá láti ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni wọ́n dì mú. Ẹ̀kẹta, ó ní ‘nítorí’ nínú. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ń sọ fún òǹkọ̀wé irú ẹ̀rí tí yóò wá, tí ó sì ń sọ fún òǹkàwé ohun tí yóò máa retí.

Òpó tí ó bá rinlẹ̀ lè gbé ju yàrá kan lọ. Nínú ìwé kan náà, wọ́n yẹ ‘àjẹ́’ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ‘witch’, wọ́n sì rí i pé wọn kì í ṣe ọgba: àlàyé àwọn oníṣègùn fi hàn pé ọkùnrin lè jẹ́ àjẹ́, àti pé àjẹ́ mìíràn a máa fi agbára rẹ̀ ṣe rere. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n èrò kan náà ni ó gbé e dúró: kí á má ṣe fi ìtumọ̀ tí a jogún ṣe òtítọ́ kí á tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìtàn lè lo ọgbọ́n yìí. Kí á mú ìbéèrè kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: kí ni ó fa ogun tí ó wà láàrin Ìjẹ̀bú àti àwọn Òyìnbó ní ọdún 1892? Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pé ‘Àròkọ yìí yóò sọ̀rọ̀ nípa ogun Ìjẹ̀bú’, ìkéde ni ó ṣe. Bí ó bá kọ pé ‘Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni wọ́n jà ní Ìmàgbọn’, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Bí ó bá ní ‘Ogun náà burú púpọ̀’, ìmọ̀lára ni. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ báyìí: ‘Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀sí tí a fi lọ aṣojú ìjọba Èkó ni àwọn Òyìnbó tọ́ka sí, ìjà lórí ẹni tí yóò ṣàkóso ọ̀nà òwò ni ogun náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó jẹ yọ ṣáájú ogun àti lẹ́yìn rẹ̀.’

Lẹ́yìn èyí, ìpínrọ̀ yóò máa fa ara wọn. Èkíní yóò sọ bí Ìjẹ̀bú ti jókòó sí àárín òwò, láti ọjà Ẹ̀jìnrìn ní etí ọ̀sà títí dé Òru, tí kò jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn oníṣòwò láti òkè ti ń bá wọn pàdé. Èkejì yóò sọ nípa Denton, tí ó ń dípò Gómìnà Èkó, tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1891 tí kò sì rí ohun tí ó bá lọ gbà. Àti nípa àdéhùn oṣù Kìíní ọdún 1892 lábẹ́ Gómìnà Carter, èyí tí ó ní kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, kí wọ́n sì máa gba £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Ẹ̀kẹta yóò sọ bí ọ̀nà ti ṣí lẹ́yìn tí ogun parí. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè sọ pé àwọn ìjọ míṣọ́nnárì ni ó ti ìjọba láti jagun, kí òun náà sì rí ẹ̀rí tirẹ̀ kó jọ. Méjèèjì lè gba máàkì tí ó dára. Ẹni tí kò dúró síbì kan ni yóò pàdánù.

Ìwúlò kan tún kù tí iṣẹ́ Sodipo àti Hallen ṣe fún ẹ̀kọ́ ìtàn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí ó wà ní Ìmàgbọn lọ́jọ́ ogun. Nípa òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn, gbogbo ohun tí yóò kọ nípa rẹ̀, ìgbàgbọ́ ni. Nítorí náà, ó yẹ kí ó sọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: ṣé ìwé tí àwọn aṣẹ́gun kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ni, tàbí ìtàn tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń sọ nínú agbo ilé wọn? Kí ó sì wọn ọ̀kan pẹ̀lú èkejì.

Olùkọ́ lè fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kọ gbólóhùn òpómúléró sí ìparí ìfáárà: Ǹjẹ́ ó dáhùn ìbéèrè tí a bi wọ́n? Ta ni ó lè jiyàn rẹ̀? Ẹ̀rí wo ni yóò gbé e dúró? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ àròkọ náà dé ìdajì tí ẹ̀rí sì tako gbólóhùn rẹ̀, gbólóhùn ni kí ó tún ṣe, kí ó má ṣe tẹ ẹ̀rí. Ọ̀mọ̀lé tí ó bá rí i pé òpó wọ́ a máa tún un rì kí ó tó gbé àjà lé e.