Ìdánwò Etí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Inú Etí Lọ́hùn-ún Ni Ìṣòro Wà

Tí etí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í di, ní Ìdásẹn tàbí ibòmíì nílùú Ọ̀wọ̀, oògùn kíkán ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń rà. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ò lè wo etí tó bà jẹ́ láti inú lọ́hùn-ún. Ìdánwò tí wọ́n bá ṣe dáadáa ló máa fi ibi tí ìṣòro wà hàn.

Apá mẹ́ta ni etí ní. Ìdọ̀tí máa ń dí ti ìta, etí tó ń ṣọyún sì máa ń ba ti àárín jẹ́. Inú lọ́hùn-ún, tó ká bí ìkarahun ìgbín, ló ń fi ìró ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlagi, ọjọ́ ogbó, yírùnyírùn, ṣegede àti abẹ́rẹ́ bíi gentamicin lè bà á jẹ́.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀

Wọ́n á wo inú etí, wọ́n á yọ ìdọ̀tí tó bá dí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo gbọ́dọ̀ sinmi kúrò níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 16. Yàrá náà gbọ́dọ̀ dákẹ́: tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, etí tó dáa pàápàá á dà bí èyí tó ti bà jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ

Etí tó sàn jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí Hertz 1000. Wọ́n á lọ sí 2000, 4000 àti 8000, wọ́n á tún padà sí 500 àti 250. Tí èèyàn bá gbọ́, wọ́n á dín ìró náà kù ní dẹ́síbẹ̀lì 10. Tí ò bá gbọ́, wọ́n á fi 5 kún un, títí wọ́n á fi mọ èyí tó kéré jù tó lè gbọ́. Ìpalára ariwo sábà máa ń kọ́kọ́ hàn láàárín 3000 sí 6000. Ẹni tó bá dúró lórí 2000 lè sọ pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ohun kékeré kan tó ń gbọ̀n sórí eegun ẹ̀yìn etí. Ìró rẹ̀ ń gba inú eegun lọ tààrà sí inú lọ́hùn-ún. Tí èèyàn bá gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ tí ò gbọ́ ti hẹ́ẹ̀dìfóònù, ìta tàbí àárín ni ìṣòro wà. Tí méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, inú lọ́hùn-ún ni.

Ìgbésẹ̀ tí wọn ò gbọ́dọ̀ fò

Ìró inú eegun ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì; etí méjèèjì ló ń dé. Ọmọ tí ṣegede ti pa etí rẹ̀ kan lè máa nawọ́ sókè, kó sì jẹ́ pé etí kejì ló ń bá a gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ariwo díẹ̀ dí etí tó dáa lọ́wọ́. Tí wọn ò bá ṣe é, wọ́n lè máa tọ́jú àárín etí tí ò ní àrùn kankan.

Èsì

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka ohun tí ò tó dẹ́síbẹ̀lì 20 sí etí tó dáa. Tó bá ti di 35 sókè ní etí tó sàn jù, ó ti nílò ìtọ́jú. Ohun tó bà jẹ́ nínú lọ́hùn-ún kì í sábà padà sípò, àmọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ran èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ béèrè ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní FMC Ọ̀wọ̀ tàbí UCH Ìbàdàn. Tí etí bá dédé di lójijì, ẹ má dúró dọ̀la: láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú máa ń ṣiṣẹ́ jù.