Àwọn Obìnrin Tó Kọ́kọ́ Sin Ohun Òkun Nínú Gíláàsì

Ẹni tó ń ta akàn tàbí ìsáwùrù nínú wa mọ̀ pé èyí tó bá ti kú kì í ṣe ọjà mọ́. A ó wọ́n omi sí i, a ó fi àpò tútù bò ó, owó wa ṣì lè wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ ọ̀kan nínú wa ní London sọ pé ìsáwùrù tiwọn lọ́hùn-ún ti lo oṣù mẹ́fà láàyè nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ òun. Oúnjẹ ló ń fún ní oúnjẹ! Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ọwọ́ obìnrin wà nídìí rẹ̀.

Jeanne Villepreux-Power, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1794, aránṣọ ni. Ó lọ́kọ ní 1818, wọ́n sì ń gbé ní Messina ní Sísílì, létí òkun. Ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní argonaut, tó ń gbé inú ìkarahun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní olè ni, pé ìkarahun ẹlòmíràn ló jí wọ̀. Jeanne ò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Láti 1832 ló ti ń kó wọn sínú àpótí gíláàsì olómi òkun, tó ń ṣọ́ wọn. Ó ṣẹ́ ìkarahun wọn díẹ̀, wọ́n tún un ṣe fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó dùn mí pé ọkọ̀ ojú omi tó kó ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ rì ní 1838.

Ti Anna Thynne ni mo fẹ́ràn jù. Ìyàwó àlùfáà ni ní London. Ní 1846, létíkun Torquay, ó rí ìbátan iyùn tí à ń fi sọ́rùn, ó fẹ́ mú un relé láàyè. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànrìnkàn inú omi òkun. Ìṣòro dé: atẹ́gùn inú omi ni wọ́n ń mí, bó bá tán, wọ́n kú nìyẹn, òkun sì jìnnà sí London. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ń da omi náà láti inú igbá kan sí èkejì lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, bí ẹni ń fẹ́ kí tíì gbígbóná tutù, ó máa ń tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. (Orúkọ Anna là ń dá, apá ọmọ ọ̀dọ̀ ló ro ó.) Ní 1847 ó fi ewéko òkun sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ewéko, ó ń tú atẹ́gùn sínú omi, apá sì sinmi.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn kan náà ló ń mú ọbẹ̀dò bo gíláàsì. Ibẹ̀ ni ìsáwùrù ti rí iṣẹ́. Philip Henry Gosse, tó ṣe ìwé nípa rẹ̀ ní 1854, gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi í sínú omi, kó máa fi ahọ́n eléyín wẹ́wẹ́ rẹ̀ ha ọbẹ̀dò jẹ. Ìsáwùrù yìí kan náà ni wọ́n ń sè tà ní ìgboro London nígbà náà!

Ẹ̀rọ iná ló ń da omi fún ọmọ wa báyìí. Ó ní bí omi bá fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi lásán lòun fi ń dí i, kì í ṣe olóyọ̀. Èyí tó bá kú, kíá ló ń yọ ọ́, kó má ba omi jẹ́ mọ́ àwọn yòókù lára. Ìyá rẹ̀ bi í pé ìgbà wo ló máa sè wọ́n. Ó ní òun ti sọ wọ́n lórúkọ.