Yàrá Tí Epo Ti Ń Jó: Láti Amẹ́ríkà dé Tanke

Ọdún 1975 tí wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ 504. Ọkọ̀ náà gbilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ọ̀nà Tanke tí ó lọ sí Yunifásítì kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò rí ihò mẹ́rin tí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jó. Báwo ni yàrá náà ṣe di igbá?

Nígbà tí Ford gbé Model T jáde ní Amẹ́ríkà ní 1908, ẹ̀gbẹ́ sílíńdà ni àwọn fáàfù wà. Yàrá náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, iná sì ń rìn jìnnà kí ó tó jó epo tán. Epo ìgbà náà kò dára. Bí písítìn bá fún un pọ̀ jù, èyí tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò bú gbàù, ẹ́ńjìnnì yóò máa ró kàn-kàn-kàn, písítìn yóò sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì lítà 2.9 kò fi ju agbára ẹṣin 20 lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi wá ojútùú. Èkíní ni àtúnṣe yàrá. Harry Ricardo, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ kí písítìn lè ti epo jọ sí ìdí púlọ́ọ̀gì. Ṣáájú rẹ̀, Peugeot ti gbé fáàfù sókè sínú òrùlé, ó sì gba ìdíje Indianapolis ní 1913. Ní 1951, Chrysler gbé yàrá onígbá wọ ọkọ̀ tirẹ̀, lítà 5.4 mú agbára ẹṣin 180 wá.

Èkejì ni òjé. Ní 1921, Thomas Midgley ti General Motors rí i pé òjé díẹ̀ nínú epo a máa pa ìró náà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó wo ẹ́ńjìnnì sàn di májèlé fún ènìyàn: èéfín ọkọ̀ gbé òjé wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ní Dakar ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà pinnu láti yọ ọ́ kúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ìpinnu náà ti ṣẹ.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kan mẹkáníìkì gbọ̀ngbọ̀n. Bí ooru bá mú kí orí ẹ́ńjìnnì wọ́, tí wọ́n sì fá a kí ó lè tẹ́jú, igbá inú rẹ̀ yóò kéré sí i, fífún epo yóò sì le sí i. Òjé tí ó ń bo irú àṣejù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ẹni tí ó bá fá a láìwọ̀n ti dá wàhálà ọdún 1908 padà.