Láti Abẹ́òkúta dé Agídíńgbì: Ọjọ́ Kan Lọ́dọ̀ Egypt 80

Aago méje àárọ̀, Ìsàbò

Sátidé tó parí oṣù ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ládùúgbò ti wọ bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá rẹ̀, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi.

"Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Àbúrò, oorun wo? Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ Fẹlá, ojú mi kì í kan oorun."

Egypt 80 là ń lọ wò, ẹgbẹ́ olórin tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Ògún, ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, láti ìgbà èwe rẹ̀ ló sì ti ń tẹ̀lé wọn. Ní tèmi, àwo tí bọ̀dá mi ń gbé sórí ẹ̀rọ nílé ló sọ mí di ọmọlẹ́yìn Fẹlá, Abàmì Ẹ̀dá.

Ìsàbò ni ilé àwọn Ransome-Kútì, ẹbí Fẹlá, wà, ó sì yẹ kí irú ìrìn àjò yìí ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì, ti gba orin ẹ̀sìn sínú àwo ní London láti 1922. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ̀ láti san owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Orin àti ìjà, inú ilé ni Fẹlá ti bá méjèèjì.

Aago mẹ́sàn-án kọjá, Ládẹ̀rìn

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká, tí òun àti Fẹlá jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta. Nígbà tí a dé Pápáláńtò, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ojú fèrèsé kí n lè ka orúkọ tó wà níbẹ̀: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ìyá náà dúró sójú ọ̀nà tí à ń gbà lọ wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Shrine àtijọ́, ilé ijó Fẹlá tó wà ní òpópónà Pepple, Ìkẹjà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Fẹlá máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ìjọba, tí yóò máa fi àwọn olówó ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dùn kan nígbà náà, ẹ̀dùn yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi: orin tí Fẹlá bá ti gbà sínú àwo, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́.

"Mo fowó ra *Zombie*, mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní dá yín lóhùn. Orin tuntun ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀."

Aago mọ́kànlá, Agége

Oòrùn ti mú. A gba kẹ̀kẹ́ Màrúwà lọ sílé ìbátan ẹ̀gbọ́n mi kan, wọ́n gbé àmàlà fún wa, a jẹun, a sì sùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àìsùn ní Shrine gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn lọ́sàn-án.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

A jí, a gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà sì dé. Koola Lobitos ni wọ́n ń jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n di Nigeria 70, wọ́n di Africa 70, kí wọ́n tó wá di Egypt 80. Ojú wọn rí màbo. Ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá, wọ́n lu gbogbo ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù Igbe, ọdún 1978. Ní 1984, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó ń lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà, ó sì di 1986 kó tó kúrò lẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Fẹ́mi, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ló dúró síwájú wọn.

Nígbà tí ikú wá dé ní 1997, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ṣeun tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin Fẹlá. Òun ni ẹgbẹ́ tẹ̀lé. Lára àwọn tó dúró tì í ni Lékan Animáṣahun, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ani, tó ti ń fọn fèrè fún Fẹlá láti 1965. Kò sí ohun tó ní kí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bí kò ṣe ìfẹ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí mo ń yìn nìyẹn, ju orin lọ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, Agídíńgbì

Ní 2000 ni àwọn ọmọ Fẹlá ṣí New Afrika Shrine tí a dé yìí. Emmanuel Macron, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, wá síbẹ̀ ní oṣù Agẹmọ, ọdún 2018, ṣùgbọ́n àga oníke tí mẹ̀kúnnù ń jókòó lé ni gbogbo wa jókòó lé. Èéfín sùúyà gbalẹ̀, òórùn igbó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwòrán Fúnmiláyọ̀ àti ti Kwame Nkrumah ń wò wá láti òkè. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí Fẹlá kú kún ibẹ̀ bámúbámú.

Aago mọ́kànlá òru

Ẹgbẹ́ gorí ìtàgé láìsí ariwo. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kékeré kan, ó ń tún un sọ. Gìtá kejì dá a lóhùn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, ìlù tẹ̀lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé odidi orin. Èyí tí wọ́n fún kálukú ló ń tún ṣe, bí ẹnì kan bá sì dákẹ́, gbogbo rẹ̀ á mì. Orin kan lè lé ní ogún ìṣẹ́jú, kí onígìtá má yí ọwọ́ padà.

Mo ń wo bàbá kan láàárín àwọn afọnfèrè. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Orí àga ló wà, fèrè saxophone ńlá lé e lórí itan. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹnu fèrè náà, ó fi ètè tọ́ ọ wò, ó sì ń ka ìlù pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ inú bàtà. Bí ó ti kan àwọn afọnfèrè báyìí, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò di ohunkóhun mú. Ohùn tó tinú fèrè yẹn jáde kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń fọn ọ́n. Nígbà tó parí, ó rọra jókòó, ó tún yọ áńkáṣíìfù.

Aago kan òru

Ó ti di àṣà Ṣeun pé orin bàbá rẹ̀ ló fi ń ṣíde. Orin kan tí mo ní àwo rẹ̀ nílé ni wọ́n gbé. Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde, igbe ẹnu rẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Ohun tí Fẹlá kò ṣe fún un, àwọn tó kù ń ṣe é fún un lójú ayé rẹ̀.

Fẹlá jẹ̀bi? Rárá. Orin ń sun nínú rẹ̀ bí omi, kò ráyè wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kù ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó má jẹ́ kí orin di ohun inú àwo nìkan. Ọmọdé onígìtá tó dúró ti àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń wo ìka wọn. Ohun tó ń kọ́, kò sí nínú ìwé.

Aago márùn-ún ìdájí

A wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà, a gba Ṣàńgó àti Ìfọ̀ padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn. Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá ṣeré fún wa ní Kútọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé síwájú àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn ní Ẹ̀gbá àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbọ̀ngàn June 12 wà ní Kútọ̀. Ẹ pe Egypt 80 wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn àgbà inú wọn ṣì lè dìde fọn fèrè. Ẹ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá, kí wọ́n jókòó síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ràn olórin àgbà kan, ẹ má fi dọ̀la: ẹ lọ wò ó nígbà tó ṣì wà láyé, ẹ sì mú ọmọ yín dání.