Àwo orin kan, ojú méjì: Èkó, 1973

1/ Lálẹ́ àná ní Sekona, mo ń gba ohùn sílẹ̀ fún fídíò mi, iná bá lọ. Aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ohùn mi bàjẹ́ 😭 Mo bá rántí pé irú ẹ̀ ti ṣe Paul McCartney rí, ní Èkó. Ẹ jókòó, ìtàn wà ńlẹ̀.

2/ Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin tó ń jẹ́ Beatles ni. Nígbà tí Beatles tú ká, ó dá Wings sílẹ̀ ní 1971. Ní 1973, òun, Linda ìyàwó ẹ̀, àti Denny Laine gbéra wá sí stúdíò EMI ní Apapa. Onílù wọn àti onígìtá wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù.

3/ Ojú wọn rí nǹkan o. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá Paul àti Linda lọ́nà lálẹ́, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí orin tuntun wọn wà nínú ẹ̀. Ohun tó kù lórí Paul ni wọ́n fi ṣiṣẹ́.

4/ Paul lọ gbọ́ Fẹlá ní Shrine, ó ní orin náà mú òun sunkún. Ṣùgbọ́n Fẹlá ní wọ́n wá jí orin àwa aláwọ̀ dúdú ni. Paul bá gbé iṣẹ́ tó ti ṣe fún un gbọ́: kò sí tiwa nínú ẹ̀. Fẹlá gbà. Ọ̀rọ̀ parí.

Àbí ó parí lóòótọ́?

5/ Ẹ rò ó wò. Èkó tí Tony Allen ti ń lùlù fún Fẹlá! Ní Ede wa níbí, Tìmì Láoyè, ọba tó mọ dùndún lù, ṣì wà lórí ìtẹ́. Wings ò ní onílù. Paul jókòó, ó lù ú fúnra ẹ̀. Kò jí tiwa, kò sì pè wá.

6/ Àwo ńlá tí wọ́n wá ṣe, Band on the Run, jáde ní ìparí 1973. "Mrs. Vandebilt" wà nínú ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń gba orin yẹn ni iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ló yọ wọ́n. Ní 1974, wọ́n gbé e jáde ní àwo kékeré fún àwọn ìlú Yúróòpù kan. Ẹ̀yin ọmọ Spotify, àwo ìgbà yẹn lójú méjì: èyí tí wọ́n fẹ́ tà ni Side A, èyí tó bá a rìn ni Side B. "Bluebird" ni Side B tiẹ̀.

7/ Ibi tó dùn dé. Wọ́n padà sí London lọ parí "Bluebird", wọ́n pe ẹnì kan kó wá lu àwọn ìlù kéékèèké sí i: Remi Kabaka. Ará ibo ni? Ará Èkó! Paul fúnra ẹ̀ sọ pé òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó wà nínú àwo ńlá náà.

8/ Side A: Èkó, láìsí onílù Èkó.
Side B: onílù Èkó, ní London.

9/ Kí ló kàn mí? Ẹ̀gbọ́n mi kan ládùúgbò wa ló lu gángan sí orin kan tí ẹ̀yin náà ti jó sí. Ẹ wá orúkọ ẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá fi orin náà síbi ìnáwó, á kàn máa fi ìka lù ú lórí tábìlì. Olè ni Fẹlá ń ṣọ́. Èmi, ẹni tó ṣiṣẹ́ tí a ò dárúkọ ló ń dùn mí.

10/ Torí náà, ẹ ṣí orin tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ wo àwọn tó ṣe é. Kí kálukú kọ orúkọ onílù kan sísàlẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀: Remi Kabaka.