Málímbì Ìbàdàn àti Àwọn Ẹyẹ Tí Wọ́n Jọ Ọ́

Ẹyẹ kan wà tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, orúkọ olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa ni wọ́n sì fi pè é: málímbì Ìbàdàn. J. H. Elgood ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1958. Ìbátan ẹ̀gà ni, ṣùgbọ́n kì í pariwo lórí ọ̀pẹ ojúde bí ẹ̀gà. Inú igbó àti etí igbó tí igi gíga wà ni ó ti ń wá kòkòrò jẹ.

Àwọn ẹyẹ dúdú mìíràn tí wọ́n ní pupa lára ń bá a gbé igbó kan náà. Bí a bá ka gbogbo wọn mọ́ ọn, a ó rò pé ó pọ̀ nígbà tí ó ń tán lọ.

Akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àtàrí, ẹ̀yìn ọrùn àti àyà rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí ó fi aṣọ bojú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ ìrù. Bí ibẹ̀ bá pupa, irú mìíràn ni, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè tan onímọ̀ pàápàá jẹ. Dúdú ni abẹ́ ìrù ti Ìbàdàn. Èyí tí orí rẹ̀ pupa ṣùgbọ́n tí ọ̀fun àti àyà rẹ̀ dúdú, tí ó ń rìn lára ẹ̀ka bí ẹyẹ àkókó, kì í ṣe òun. Èyí tí àtàrí rẹ̀ dúdú, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa, kì í ṣe òun náà. Abo ṣòro jù; a kò gbà yín nímọ̀ràn láti fi abo nìkan ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀, kò ṣòro rí ní àyíká Ìbàdàn. Oko, igi gẹdú, igi ìdáná àti ilé kíkọ́ ni ó jẹ igbó rẹ̀ run, ó sì di ọ̀wọ́n. Àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun wà lórí wọn. Igbó tí IITA dá sí ní Ìbàdàn, tí ó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, wà lára ibi tí ó ṣẹ́ kù fún un.

Ẹni tí ó bá rí i, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti irú igi tí ó bà lé sílẹ̀, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí abẹ́ ìrù lè hàn. Ẹ má ṣe mú un, ẹ má sì tú ìtẹ́ rẹ̀ wò.